Ìyá Tó Dé Kí Ó Tó Lọ

Orúkọ ni mo fi ń jẹun. Ní ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo níbí, èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sínú ìwé ńlá, tí mo sì ń fún àwọn òbí wọn ní sàtífíkéètì. Bí ẹ bá ti bímọ nígboro yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bú mi lẹ́yìn. N kò bínú. Èmi ti bú yín lójú ní tèmi.

Ohun tó ń fa ìjà kò ju ọ̀kan lọ. Àwọn èèyàn ti sọ orúkọ di òkìrìká, èyí tó bá ṣáà ti wù wọ́n ni wọ́n ń fà yọ nínú òkìtì. Bàbá kan á gbé ọmọ tí wọ́n bí ní Ọjọ́bọ̀ wá, á ní Abọ́sẹ̀dé ni òun fẹ́. Màá ní, "Bọ̀dá, ọmọ tó bá ọ̀sẹ̀ dé ni Abọ́sẹ̀dé. Ọjọ́bọ̀ tiyín yìí, ọ̀sẹ̀ ti ń palẹ̀ mọ́." Á ní ó dùn létí òun ni. Ẹ gbà mí! Òmíràn á ní kí n kọ Àìná. Màá bi í bóyá ìwọ́ ló lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn nígbà tó ń bọ̀, á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń jẹ́ Àìná. Ọmọ tó bá mú ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè, èyí tó bá dojú bolẹ̀ ni Àjàyí, irun orí ọmọ ló ń sọ pé Dàda ni. Kì í ṣe òbí ló ń fún wọn lórúkọ, àwọn fúnra wọn ló mú un bọ̀ láti ọ̀run, iṣẹ́ òbí kò ju kó wo ọmọ dáadáa lọ. Wíwò yìí gan-an ni wọn kì í wò.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n purọ́, wọ́n máa ń mú mi nígbà mìíràn. Obìnrin kan gbé ọmọ tó fi oṣù méje bí wá, ọmọ náà ò tóbi ju àdìyẹ lọ, ó ní Ọmọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ọmọ tó bá pẹ́ nínú ju oṣù mẹ́sàn-án lọ ló ń jẹ́ Ọmọ́pẹ́. Èyí ò pẹ́, ó tiẹ̀ kánjú ni." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà nílé ọkọ kí n tó rí i. Ṣé kò pẹ́ tó?" Mo kọ ọ́ fún un, n kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Èyí tí ara mi kò gbà rárá ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ifẹ̀wàrà kan tí ìyàwó rẹ̀ bímọ sí Òṣogbo. Ó ní kí n kọ Yétúndé. Mo ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ìgbà wo ni ìyá yín kú?"

Ó ní, "Kò kú, mà."

"Ìyá ìyàwó yín ńkọ́?"

"Òun náà wà, mà. Ìyá mi gan-an ló ní kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí wọn yóò ṣe máa pe òun nígbà tí òun bá padà wá."

Mo bọ́ awò ojú mi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ lọ sọ fún ìyá yín kó mú ọ̀kan, bóyá kó lọ ni o, bóyá kó dúró ni. Èèyàn kì í padà dé láti ibi tí kò tíì lọ." Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà ká ìwé rẹ̀ pọ̀, ó jáde. Inú mi dùn títí mo fi jẹun ọ̀sán.

Ìdí tí ẹnu mi fi gbà á ni pé Ìyábọ̀ ni èmi fúnra mi. Ìyábọ̀, Yétúndé, Yéwándé, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: ìyá tó ti lọ ló padà wá. Babátúndé ni ti ọkùnrin. Ohun kan ṣoṣo ni orúkọ yìí ń béèrè, pé kí ẹnìkan kọ́kọ́ kú kí ọmọ tó dé. Tèmi, ìyá tó bí bàbá mi ni. Yèyé ni gbogbo ilé ń pè é. Ọ̀tan-Ilé ló gbé títí tó fi kú. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, kí n sì mọ̀ ọ́n ṣe kẹ̀? Èmi náà ni. Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà nìyẹn.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o, oyè ni. Bàbá mi ń tún maṣíìnì àwọn télọ̀ ṣe ní Òkè-Baálẹ̀. Èèyàn líle ni, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì mọ bẹ́líìtì rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni yóò fọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú mi, èmi tí eyín iwájú mi ò tíì hù tán. "Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Màá mi orí bí arúgbó, màá ní a dúpẹ́. Ọjọ́ kan mo tú rédíò rẹ̀ palẹ̀ láti wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó na bẹ́líìtì sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sókè níbẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń na ìyá rẹ̀?" Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná tòun ti ọmọrogùn. Ó ní, "Ìyá tiyín ni. Kì í ṣe ìyá tèmi." Ó lù mí bí ẹní lu bàrà.

Bí a bá lọ Ọ̀tan-Ilé fún Kérésìmesì, ṣe ni wọ́n máa ń wá Yèyé lára mi bí ẹni ń wá iná orí. Tí mo bá sín, wọ́n á ní bí Yèyé ṣe ń sín gan-an nìyẹn. Mo kọ ẹja gbígbẹ lọ́dún kan, wọ́n ní ẹ ò rí i, Yèyé kì í jẹ ẹ́. Lọ́dún kejì mo jẹ ẹ́ tán, mo lá abọ́, wọ́n ní ó ti ń wu Yèyé tipẹ́, eyín ni kò sí. Kò sí bí mo ṣe lè ṣe é tí n kò ní í jẹ́ Yèyé. Mo tètè kọ́gbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo ti ń sọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí, nítorí kí n má baà gbálẹ̀. Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, ẹ̀yìn yẹn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tipẹ́." Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló gbá gbogbo ilẹ̀ ìgbà èwe mi.

Nígbà tí mo dàgbà, agbára náà kò dínkù. Mo ní kó fi sìgá sílẹ̀, ó fi sílẹ̀. Mo ní kó má gun ọ̀kadà mọ́, ó tà á. Ohunkóhun tí ìdílé bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbà wá. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi á pè mí, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa sọ fún ọmọ yín o." Màá ní ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀.

Ìgbà tí mo pé ogójì ọdún ni ọ̀rọ̀ dàrú. Ọdún náà ni Yèyé pé ogójì ọdún lẹ́yìn ikú, ìdílé sì fẹ́ ṣe ìrántí. Wọ́n ní kí n lọ gba àwòrán Yèyé lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Iléṣà. Màmá Iléṣà la ń pè é. Òun ló tọ́jú Yèyé títí tó fi kú, òun náà ló sì ń tọ́jú ẹrù rẹ̀ di òní. Ó ń bá oníbàárà jà lórí àńkárá nígbà tí mo dé, ó ní kí n wọ yàrá, kí n ṣí àpótí fúnra mi.

Mo rí àwòrán. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo rí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan, tó ti gbó, tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ọdún tí wọ́n bí mi ni. Wọ́n fi bírò yí ọjọ́ kan po, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Yèyé sùn." Ọjọ́bọ̀ kan ni. Mo wo déètì. Mo tún wò ó. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo tún wò ó. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n bí mi.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Iṣẹ́ mi ni ọjọ́ ìbí, ìyẹn ò lè rú mi lójú. Odidi ọjọ́ márùn-ún ni èmi àti Yèyé jọ lò láyé yìí. Èmi ń ké ní Òṣogbo, òun ń kérora ní Ọ̀tan-Ilé. Báwo ni mo ṣe padà dé nígbà tí n kò tíì lọ? Ta ló sì sọ̀rọ̀ yẹn ní ọ́fíìsì lọ́jọ́sí, tí gbogbo èèyàn fi rẹ́rìn-ín? 

Láàárín Àbámẹ́ta tèmi àti Ọjọ́bọ̀ ti Yèyé, wọ́n fi bírò fa àgbélébùú kékeré mẹ́ta, ọ̀kan lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan lọ́jọ́rú. Mo gbé kàlẹ́ńdà náà jáde sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Màmá, kí lèyí?"

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ká a padà. Ó ní, "Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ni kó o bi."

"Àgbélébùú mẹ́ta yìí ńkọ́?"

"Òun náà ni kó o bi. Wá jẹ iyán, kó o tètè máa lọ s'ulé." Obìnrin tó lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú ló panu mọ́ bẹ́ẹ̀ o. Mo jẹ iyán náà, mo gbé àwòrán, mo lọ sílé.

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Ó dùn mí wọra. Ẹni tí wọ́n bá rọ̀ lóyè, ó kéré tán, wọ́n fi jẹ ẹ́ lóòótọ́ nígbà kan. Oyè olóyè ni èmi jẹ fún ogójì ọdún. Mo rántí rédíò, mo rántí ẹ̀yìn dídùn, mo rántí bàbá tó ń fọwọ́ kan ilẹ̀ fún ọmọ tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo wá nọ́ńbà ọmọkùnrin Ifẹ̀wàrà jáde nínú fáìlì, mo ní kó wá gba sàtífíkéètì rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kò sí wàhálà, mà?" Mo ní wàhálà wo, ìyá yín ńkọ́? Ó ní ó wà. Mo ní ẹ bá mi kí i.

Mi ò bi bàbá mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ṣáà ń sọ pé bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibẹ̀ la wà tí abẹ́rẹ́ maṣíìnì kan fi gún un lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ó ti ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀, ọgbẹ́ náà kò san, ìka sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ajé. Dókítà ní ìka yẹn ti kú, kí wọ́n gé e kó tó kú ran ẹsẹ̀. Ó ní bó bá fi lè kọjá ọjọ́ Ẹtì, òun ò lè sọ ibi tí wọn yóò gé e dé mọ́, ó sì lè gba ẹ̀mí. Bàbá mi dìde, ó mú fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ìka mẹ́wàá ni mo gbé wáyé. Tí mo bá dé ọ̀run tí wọ́n kà á tí ó ku ọ̀kan, kí ni kí n wí?" Ó padà sílé, ó ń rẹ ẹsẹ̀ sínú àgbo gbígbóná.

Gbogbo ilé bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ọ̀kan láti Àkúrẹ́, ọ̀kan láti Ìbàdàn. Wọ́n ní, "Kí lò ń dúró dè? Ìwọ nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Pàṣẹ fún un!" Ní oṣù kan ṣáájú, ǹ bá ti pàṣẹ kí wọ́n tó pè. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni kí n fi pa á? Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó, mo bá a sọ̀rọ̀ òjò, mo padà sílé. Mo lọ lọ́jọ́rú, ohun kan náà ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rùn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo gba ààyè níbi iṣẹ́. Mo bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú abọ́ àgbo. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, ìyá mi."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo rí kàlẹ́ńdà Yèyé ní Iléṣà. Mo ti dáyé kí wọ́n tó kú. Èmi kọ́ ni ìyá yín. Èrú ni gbogbo ìgbọràn tí ẹ ti ń gbọ́ sí mi lẹ́nu láti ọjọ́ yìí."

 Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o rò pé n kò mọ ọjọ́ tí ìyá mi kú ni?"

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, kò pè mí ní "o" rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ kejì tí a bí ọ ni wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè mí. Awakọ̀ kan ló wá, ó ní Yèyé ń béèrè mi. Mo ní ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ bá mi kí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò mi fúnra rẹ̀ wá. Mo ní ó ku ọjọ́ mélòó kan tí a ó sọ ọmọ lórúkọ, mo ti pe èèyàn, bàbá ọmọ kì í fi ilé sílẹ̀ kí ìkómọ tó dé. Mo ní màá gbé ọmọ náà wá hàn án. Lọ́jọ́rú, ó tún wá. Kò tiẹ̀ jókòó. Mo ní ṣé kò gbọ́ ohun tí mo wí lánàá ni."

Àgbélébùú mẹ́ta. 

"Nígbà tó di ọjọ́ ìkómọ, Yèyé ti wà nínú ilẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá ọmọ pe orúkọ. Mo ti mú orúkọ kan tó dáa sílẹ̀ fún ọ, n kò tiẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́. Mo lanu, Ìyábọ̀ ló jáde.  Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àbúrò mi wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. N kò gbọ́ ti ẹni tó bí mi. Mo ní màá máa gbọ́ ti ẹni tí mo bí."

Mo sunkún o. Èmi tí àwọn bàbá ọlọ́mọ ń sá fún, mo gbé orí lé orúnkún rẹ̀, mo sunkún, òórùn ẹsẹ̀ yẹn ń fẹ́ sí mi nímú. Ó ń fọwọ́ pa mí lórí. Nígbà tó yá, mo nu imú. Mo ní, "Bàbá, ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

Ó mi orí. "Ọmọ mi, èyí ò sí lọ́wọ́ rẹ."

Lóòótọ́, kò sí lọ́wọ́ ọmọ. Mo dìde dúró, mo fa ìró mi le. Láyé mi, n kò pe bàbá mi ní "ìwọ" rí, bí mo ti ń jayé orí mi tó nínú ilé yẹn. Mo ranjú mọ́ ọn.

Mo ní, "Ọmọ mi, dìde. Mo ń pè ọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sí ibi tó wà. Omi yí lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú àgbo, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ àga mú.

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí," ó ní. "Mo ń bọ̀, ìyá mi. Ẹ má bínú, mo ń bọ̀."